Ìgò Tí A Ń Pè Ní Olóòótọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Bí ojú mi bá fọ́ lọ́dún yìí, kí wọ́n mú Ojú Àwòdì, ọ̀gá mi ní láàbù. Ó ní gbogbo síláìdì tó kù nílẹ̀, àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tí a tẹ́ sẹ́ẹ̀lì obìnrin lé, gbọ́dọ̀ di kíkà lábẹ́ máíkírósíkóòpù kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń ránni lọ ra iyọ̀ ní ìsọ̀ iwájú ilé. Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n kà ní gbogbo láàbù, èmi àti òun. Mo ní, "Ọ̀gá, ojú èèyàn nìyí o, kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ mu omi.

Ojú Àwòdì là ń pè é lẹ́yìn, òun náà mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn sí i. Obìnrin náà ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, sẹ́ẹ̀lì àti ìdọ̀tí orí gíláàsì, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Ó jókòó tì mí, ó ń fi sùúrù tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìyá tó ń kọ́ ọmọ ní á-bí-dí. Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi, òun ló dé ilé ìgbẹ̀bí kí ìyá ọkọ mi tó dé. Torí náà mo lọ mu omi, mo sì padà sídìí iṣẹ́.

Òjò kò dá látàárọ̀. Òrùlé yàrá tí a ń kó ìgò sí tún ti ń jò, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i lábẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Àwọn obìnrin tó kẹ́yìn nínú ìwádìí yìí dé lónìí. Èmi ni wọ́n tún tì síwájú láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní ẹnu mi dùn ju tòun lọ, àwọn obìnrin máa ń gbọ́ tèmi. Mo dúró níwájú wọn ní yàrá ìdúró, mo ní nọ́ọ̀sì á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ní ẹnu ilé ọmọ, kò ní pẹ́, kò sì ní dùn wọ́n lọ títí. Mo ní àwa á pa á láró ní láàbù, àmì méjì là ń wá, ọ̀kan á yọ ní búráùn, èkejì á yọ ní pupa.

"Sẹ́ẹ̀lì tó ní làákàyè kì í gbé méjèèjì pọ̀. Èyí tó bá gbé e pọ̀, ó ti fẹ́ yàyàkuyà nìyẹn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o, ẹ má wulẹ̀ já ara yín láyà! Ó lè gba ọdún púpọ̀ kó tó dà á. Ìgbà tó ṣì kéré yẹn gan-an la fẹ́ rí i, ká lè mú un kúrò wéré."

Obìnrin kan tó pọn ọmọ bi mí pé, "Báwo la ṣe máa mọ tẹni tó bá ní?"

"A máa pè yín. Bí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ wa, ẹ máa jayé orí yín lọ."

Bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi láti máa sọ ọ́ nìyẹn. Ara wọn balẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà, kò sí ẹni tó torí ìbẹ̀rù padà sílé nínú wọn. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo kó àwọn ọkùnrin ilé mi lọ gẹrun ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi obìnrin. Èèyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ìyàwó wọn sinmi nílé, wọ́n ń tẹrí ba fún un bí ọmọ iléèwé. Ó ń ti orí wọn sọ́tùn-ún, ó ń tì í sósì, ó ń bú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ tipẹ́ pé obìnrin onígbàjámọ̀ kan ṣoṣo àdúgbò yìí, ọba ni.

Ó bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo wá ń sọ ìtàn Olóòótọ́ fún un. Mo ní ìgò kan wà lórí tábìlì wa, sẹ́ẹ̀lì obìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, a mọ̀ dájú pé àmì méjèèjì wà lára rẹ̀. Bí a bá fẹ́ pa síláìdì àwọn èèyàn láró, a gbọ́dọ̀ pa ti Olóòótọ́ mọ́ ọn. Bí àwọ̀ bá yọ lára Olóòótọ́, aró dáa, a lè gba ohun tí a bá rí lára àwọn yòókù gbọ́. Bí kò bá yọ, aró ló bàjẹ́. Mo ní kò tíì já wa kulẹ̀ rí. Mo ní pupa rẹ̀ láàárín búráùn, ó rẹwà débi pé èèyàn á fẹ́ fi rán aṣọ.

Ó pa kílípà, ó wò mí. "Ẹni tó ni ín ńkọ́? Ara ẹ̀ ti yá?"

"Wọ́n ti tọ́jú ẹ̀ tipẹ́. Ọ̀gá ló sọ fún mi."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní bó bá fẹ́ gẹrun, kó máa bọ̀, ọ̀fẹ́ ni." Ó tan kílípà padà. "Èmi dúpẹ́ ní tèmi tẹ́ ẹ ò pè mí. Mo ti ń fi yangàn fún ọkọ mi. Mo ní ilé ọmọ mi mọ́ tónítóní, kó tètè múra ọmọ kejì sílẹ̀."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń gẹ̀ lọ́wọ́ ní àmín. Ṣé mo ti gbàgbé bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́ tó kó tó gbà láti wá gba sẹ́ẹ̀lì kí ọdún tó kọjá tó parí? Ó ní òun kì í ṣí ara fún àlejò. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Aró kọ̀ jálẹ̀ lónìí. Gbogbo síláìdì àárọ̀ ràndánràndán, kò sí pupa, kò sí búráùn. Mo wo Olóòótọ́, òun náà ràndánràndán. Iná tó lọ lóru ló ba aró jẹ́ nínú fíríìjì. Ká ní kò sí Olóòótọ́ ni, à bá ti kọ ọ́ pé gbogbo obìnrin wọ̀nyẹn kò ní nǹkan kan lára. A da aró nù, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Ìwọ ni wàá gba àga mi bí mo bá fẹ̀yìn tì." Mo rántí ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọkọ̀, mo ń dá rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Owó ọkọ̀ tún ti lé. Awakọ̀ ní òjò ló fà á, bí ẹni pé òjò ló ń ta epo. Mo ka síláìdì títí mo fi ń rí pupa lára ògiri.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Olóòótọ́ gbẹ. Mo dorí ìgò náà kodò, ẹ̀kán omi kan kò kán. Àpótí síláìdì méjì ṣì wà nílẹ̀, a ò sì lè ka ẹyọ kan láìsí i. Ọ̀gá ní kí n má dààmú ara mi, òun á wá nǹkan ṣe sí i.

Nígbà tó yá, ó yọjú sí mi. "Pe àbúrò rẹ fún mi. Ní kó wá lọ́jọ́rú, ká tún gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kí ló máa wà? Àwọn kan la ń pè padà, ká fi yẹ iṣẹ́ ara wa wò."

Mo pè é. Ó kùn, ó ní oníbàárà òun ńkọ́. Mo ní kó wá ṣá, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Àbúrò mi wá. Ó wọ bàtà tí òjò ti rẹ, ó ń bú mi láti ẹnu géètì. Òun nìkan ló wá gba sẹ́ẹ̀lì lónìí, torí náà kò pẹ́. Èmi ni mo bá a di báàgì ẹ̀ mú. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jáde wá kí i, ó ń pè é ní "ìyàwó mi," ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Àbúrò mi ní Ọ̀gá yìí dára, ó ní kí n má ṣe fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí inú tó ń bí mi má bàa yí i padà.

Mo dé, mo bá ìgò tuntun lórí tábìlì. Ọ̀gá ti fọwọ́ ara ẹ̀ kọ "Olóòótọ́" sí i lára. Mo dúpẹ́, mo pa á láró, mo gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Mo mọ Olóòótọ́. Mo mọ bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ṣe máa ń ṣùjọ, mo mọ bí pupa ẹ̀ ṣe máa ń jókòó. Òun náà ni. Kì í ṣe ẹni tó jọ ọ́. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ti wá obìnrin yẹn rí. Lẹ́yìn náà mo ní, ẹni tí wọ́n ti tọ́jú, kí ni àmì yìí tún ń wá lára ẹ̀? Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ẹnì kan ṣoṣo ló wá gba sẹ́ẹ̀lì lánàá, báàgì ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò mọ bí mo ṣe rìn dé ọ́fíìsì Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ìgò ta ni yẹn?"

Ó ń kọ nǹkan, kò gbójú sókè. "Lọ ti ilẹ̀kùn yẹn ná."

"Ṣé ti àbúrò mi ni?"

"Jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ṣé ti àbúrò mi ni?"

"Òun ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Látìgbà tó ti kọ́kọ́ wá. Àwọ̀ ẹ̀ ló dáa jù nínú gbogbo wọn. Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ẹ ní wọ́n ti tọ́jú ẹni tó ni ín."

"Kí ni kí n sọ fún ẹ? Bí mo bá sọ òótọ́, ṣé wàá lè máa ṣiṣẹ́ lọ?" Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. Ohùn ẹ̀ rọ̀, ohùn tó fi kọ́ mi níṣẹ́ náà ni. "Ọmọ mi, ronú. Bí a bá pe gbogbo àwọn tó ní àmì yìí, wọ́n á lọ tọ́jú ara wọn. Kí la máa fi hàn ayé pé àmì wa sọ òótọ́? A gbọ́dọ̀ dúró ká wo àwọn tó máa le sí i lára wọn. Ọdún méjì péré ni. Nǹkan yìí kì í sáré. Mò ń ṣọ́ ọ. Kí lo rò pé mo tún ṣe pè é wá?"

"Ẹ pè é wá torí ìgò yín gbẹ."

Ó gbé awò ojú ẹ̀ wọ̀ padà. Mo tún ní, "Ẹ ní kí n máa sọ fún wọn pé a máa pè wọ́n. Ẹnu mi lẹ fi ń sọ ọ́!"

"Bí a ò bá sọ bẹ́ẹ̀, ta ló máa wá? Wo iye obìnrin tí iṣẹ́ yìí máa gbà là lọ́la."

Háà! Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Obìnrin tó gbé àkọ́bí mi lọ́wọ́ ni o. Ó mọ àbúrò mi, ó ń pè é ní ìyàwó òun, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, ó sì ń dúró kó le sí i lára rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Mi ò mọ ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń da òróró sí kílípà, ó ń kọrin. Mo sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí bí mo bá dúró, mi ò ní lè parí ẹ̀. Ó gbọ́ ọ dópin. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

"Ó ti tó oṣù mélòó?"

"Ó ti ń lọ sí mẹ́jọ."

"Ẹ sì ń wò ó lójoojúmọ́."

"Mi ò mọ̀ pé tìẹ ni! Mo fi Màmá búra."

"Ẹ má fi Màmá búra. Ẹ jókòó síbí yìí, ẹ ní ó rẹwà. Ẹ ní èèyàn á fẹ́ fi rán aṣọ. Mo sì ń rẹ́rìn-ín, èmi ọ̀dẹ̀." Ó ń nu kílípà náà, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ó ti mọ́. "Wọ́n ní ẹni tí wọ́n fi orí ẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ìyẹn yé mi, ayé nìyẹn. Èyí tí kò yé mi ni pé ẹ̀yin lẹ gbé orí mi lọ fún wọn."

Mo kúnlẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ sórí irun àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Ó ní kí n dìde, oníbàárà ń bọ̀. Ọkọ ẹ̀ wọlé, ó gbé búrẹ́dì dání, ó kí mi tayọ̀tayọ̀, ó ní ṣé mo wá bá wọn jẹun àárọ̀ ni. Mo gbọn irun kúrò lórúnkún, mo jáde.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn kejì, kì í ṣe tiwa. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní tiwa tún fọwọ́ kàn án. Kò jẹ́ kí n bá òun wọlé. Mo jókòó sí ìta, mò ń wo àwọn aláboyún tó ń lọ tó ń bọ̀.

Nígbà tó jáde, ó ní dókítà fi omi kíkan kan ibẹ̀, ibẹ̀ di funfun bí ibi tó ṣàìsàn ṣe máa ń ṣe, ó sì gé bíńtín nínú ẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Nínú ọkọ̀, ó jókòó sẹ́yìn, èmi wà níwájú, bẹ́ẹ̀ àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àbúrò mi jẹ́ kí n bá òun wọlé lọ gbọ́ èsì. Ó ti le. Nínú ìpele mẹ́ta tí nǹkan yìí máa ń gbà kó tó di jẹjẹrẹ, ìkẹta ló wà. Dókítà ní lójú òun kò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ òun ò ní búra. Àfi kí wọ́n gé gbogbo àyíká ẹ̀ kúrò kí wọ́n yẹ etí ibi tí wọ́n gé wò. Bí etí rẹ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ parí, ó ṣì lè bímọ. Bí kò bá mọ́, tàbí tí wọ́n bá rí i pé ó ti wọnú, wọ́n lè ní láti yọ ilé ọmọ.

Mo bi í pé ká ní a tètè wá ńkọ́, lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn? Dókítà wo àbúrò mi, ó wò mí. Ó ní, "Mi ò lè sọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ kékeré nígbà yẹn." Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣé, sà." Èmi ni mo bú sẹ́kún. Ó na áńkáṣíìfù sí mi láìwo ojú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù Keje

Mo lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí nílé ìwòsàn wa. Àwọn àgbà márùn-ún, omi tútù níwájú kálukú wọn. Ọ̀gá jókòó lápá ọ̀tún. Mo ní àbúrò mi nìkan kọ́, àwọn obìnrin mìíràn wà tí àmì wà lára wọn, wọ́n ń jayé orí wọn kiri torí mo ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ni mi ò mọ̀."

Wọ́n yíjú sí Ọ̀gá. Ó sọ ti ọdún méjì, ó sọ ti ọ̀pọ̀ obìnrin ọ̀la, ọ̀rọ̀ dídùn tó fi sọ fún mi náà ni. Màmá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó ní, "Ká ní ọmọ tìrẹ ni ńkọ́?" 

Wọ́n ní kí a pe gbogbo obìnrin tó ní àmì lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n ní kí Ọ̀gá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná títí wọ́n á fi wádìí délẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ọ̀gá wá kó ẹrù ẹ̀. Mo ràn án lọ́wọ́, kí ni kí n ṣe? Ó ń to ìwé sínú páálí, mò ń lẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn tó kù ní láàbù ń rìn kọjá, wọn ò kí mi. Wọ́n ní èmi ni kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó lọ, ó ní, "Mo kọ́ ẹ dáadáa. O rí ohun tó yẹ kó o rí."

Mo ní, "Ẹ dà mí, Ọ̀gá."

"Ìwọ náà dà mí." Ó gbé páálí. "Mi ò kórìíra àbúrò rẹ. Mo fẹ́ kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ká ní ó kórìíra rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá yé mi. Mo bá a ṣí ilẹ̀kùn. Mo nífẹ̀ẹ́ obìnrin yìí o, ohun tó ń dùn mí jù lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Mò ń pe àwọn obìnrin. Mi ò gbà kí ẹlòmíràn bá mi pè wọ́n, ẹnu tó ṣèlérí ni kó lọ sọ ọ́. Ọ̀kan ṣépè fún mi. Ọ̀kan ní ṣé ó máa pa òun ni, mo ní kò ní pa á, kó máa bọ̀ lọ́la. Ọ̀kan ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ pè, mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbàgbé wa," mo sì gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ dúró sí ilé ìtọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àbúrò mi. Ó ní ọkọ òun nìkan ni kó tẹ̀ lé òun. Mo lọ ṣá. Mo dúró sí ẹnu géètì, abẹ́ agbòjò. Ọkọ ẹ̀ jáde wá ra omi, ó rí mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti ṣe é tán, ó ń sùn. Ẹ máa lọ sílé, bó bá jí tó rí yín, inú á tún bí i." Mo bi í pé ìgbà wo ni èsì máa dé. Ó ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó fún mi ní omi kan nínú èyí tó rà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Mo pè é, kò gbé e. Òjò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Màmá wa pè mí bí mo ṣe ń parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

"Ṣé o wà níbi tó o ti lè jókòó?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí mo wà, láàárín àwọn àpótí. "Màmá, ẹ sọ ọ́."

"Etí ibi tí wọ́n gé mọ́. Wọ́n ní kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ilé ọmọ ẹ̀ wà níbi tó wà."

Mo kígbe. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ gbá ilẹ̀. Màmá ń ṣe "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" sí mi létí. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo ní, "Ṣé ìsinsìnyí ni wọ́n pè é?"

Màmá ní, "Ó ti gbọ́ látọjọ́ Ajé. Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Ó ní kí ìwọ náà dúró, kó o wo bó ṣe máa ń rí." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò lè gbé e pamọ́ mọ́. Èmi ni mo bí ẹ̀yin méjèèjì. Má bínú sí i."

Èmi? Bínú? Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé ẹ ti sọ fún mi."

"Kí ló dé?"

"Òun ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ nígbà tó bá fẹ́."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo kó àwọn ọkùnrin ilé mi lọ gẹrun. Kò lé wa. Ó ní kí ọkọ mi jókòó, ó dè é láṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ̀ ẹ́. Ara ẹ̀ ti le díẹ̀, ó rù, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ mọ́.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ṣé dókítà ti pè ẹ́?"

Ó wò mí nínú dígí.

"Rárá o," ló wí. "Wọn ò tíì pè."

Mo ní, "Kò burú. Màá máa retí."